Ásíìdì Kò Lé Sí I, Omi Ló Dín

Ọjọ́ Ajé, 5 Ẹrẹ́nà 1962

Ọjọ́ kẹfà rèé tí ọkọ̀ ojú irin olómi kò tíì dé. Garawa méjì péré fún ilé kọ̀ọ̀kan. Màmá fi díẹ̀ bọ́jú, ó fi ìyókù bomi rin òdòdó inú agolo rẹ̀. Mo bínú. Ó ní, "Òdòdó yìí kọ́ ló ní kí wọ́n gbé òun wá sínú aṣálẹ̀. Ìwọ lo gbé e wá." Mo mọ̀ pé ara rẹ̀ ló ń sọ.

Ọdún kẹsàn-án nínú ilé yìí. Ibùsùn, àtùpà, ilẹ̀kùn, àga tí mo jókòó lé — nọ́ńbà Onílé wà lára gbogbo wọn. (Onílé ni mo ń pe kọ́ńpìnnì nínú ìwé yìí. Kò sí ẹlòmíràn tó ń kà á.) Ṣọ́ọ̀bù, tiwọn. Dókítà tó ń fún Màmá ní oògùn àyà, tiwọn. Òkè òkúta bàbà tó dí ojú fèrèsé wa, tiwọn. Ìwé tí mo ń fi lẹ́tà rà láti etíkun nìkan ni tèmi. Lálẹ́ yìí mo tún ka èyí tó sọ̀rọ̀ nípa òkun. Ìgbà kẹta. Òǹkọ̀wé náà ní òkun kì í sé ẹnikẹ́ni mọ́. Ṣé ó ti bi ẹja léèrè?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6 Ẹrẹ́nà

Nibaldo Tapia gbé ìgò àárọ̀ wá sí yàrá ìdánwò. Òun ni olórí táǹkì kẹrin, èmi ni ìyá ìsàmì ọmọ rẹ̀ obìnrin. Bí iṣẹ́ ṣe rí nìyí: wọ́n á kó òkúta bàbà sínú táǹkì, láàárọ̀ wọ́n á po ásíìdì mọ́ omi, nírọ̀lẹ́ wọ́n á dà á lé e lórí, bàbà á sì yọ́ sínú rẹ̀. Ásíìdì mẹ́wàá, omi àádọ́rùn-ún. Kí wọ́n tó dà á, wọ́n á bu díẹ̀ sínú ìgò, wọ́n á lẹ ọjọ́ mọ́ ọn. Ẹlẹ́rìí là ń pe ìgò náà. Mo máa ń kán omi sódà sí i títí àwọ̀ rẹ̀ á fi yí padà, ìyẹn ni mo fi ń mọ bí ó ti múná tó. Mẹ́wàá. Mẹ́wàá ni lójoojúmọ́.

Nibaldo ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyá ìsàmì, ẹ gbọ́ tuntun? Láti ọ̀la, ìdá kan péré nínú mẹ́ta omi àtẹ̀yìnwá la ó máa bù la ásíìdì. Àṣẹ Misita, ẹnjiníà àgbà. Àní ásíìdì náà fẹ́ gbààwẹ̀ Lẹ́ńtì!"

Mo ní kó ṣọ́ra kó má lọ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ju tiwa lọ. A rẹ́rìn-ín.

Omi tí mo fi ń fọ gíláàsì tán lónìí.

Ọjọ́rú Eérú, 7 Ẹrẹ́nà

Mo fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe lọ́kàn mi.

Láàárọ̀ gbogbo wa ti gba eérú síwájú orí. Aago márùn-ún kọjá ogún ìṣẹ́jú nírọ̀lẹ́, fèrè pariwo. Táǹkì kẹrin ló hó kúnlẹ̀ — bí wàrà tí ènìyàn gbàgbé sórí iná. Ẹfun wà nínú òkúta wa. Bí ásíìdì bá ti kàn án, ó máa ń hó, ìyẹn kì í ṣe nǹkan tuntun. Ṣùgbọ́n kò gba ẹnu táǹkì jáde rí. Lalo Choque wà nínú kòtò nísàlẹ̀, nídìí pọ́ńpù. Atẹ́gùn tí ìfofó yẹn ń tú jáde wúwo, ibi tó bá jìn ló ń wá lọ, kì í sì í fi ààyè sílẹ̀ fún èémí. Lalo ṣubú. Ásíìdì tẹ̀ lé e. Ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì wà nínú rẹ̀.

Abẹ́ àtíbàbà ni Nibaldo wà tó ń mu tíì ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú àwọn yòókù. Ó sáré, ó séèémí, ó wọ kòtò, ó fà á jáde. Wọ́n ṣí ẹ̀rọ omi. Gbígbẹ. Wọ́n tún ṣí i, bí ẹni pé ó lè rántí. Kò sí omi kankan láti fi ṣan ásíìdì kúrò lẹ́sẹ̀ ènìyàn, àfi kẹ́tù tíì méjì tó wà lórí iná èédú. Òun ni wọ́n gbé, wọ́n fi ìwọ̀nba omi tútù tó kù nínú ìgò ọwọ́ wọn là á, wọ́n sì dà á sí i lẹ́sẹ̀. Mo débẹ̀ nígbà tí wọ́n ń da èkejì. Ewé tíì lẹ̀ mọ́ awọ ẹsẹ̀ rẹ̀. Eérú ṣì wà níwájú orí rẹ̀.

Èyí tó kù. Ìgò òwúrọ̀ yìí, mi ò wọ̀n ọ́n. Kò sí omi tí n ó fi fọ gíláàsì. Lánàá, mẹ́wàá. Níjẹta, mẹ́wàá. Oṣù tó kọjá látòkèdélẹ̀, mẹ́wàá. Mo kọ mẹ́wàá.

Bóyá mẹ́wàá náà ni. Ásíìdì kò lé sí i. Àgbá kan náà ni wọ́n tú sínú rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 8 Ẹrẹ́nà

Lalo wà láàyè. Kò rántí ohunkóhun.

Ọjọ́ Ẹtì, 9 Ẹrẹ́nà

Ẹnjiníà àgbà, Misita Voss, ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. (Aago ni mo ń pè é níbí, nítorí kì í wo ojú ènìyàn kó má kọ́kọ́ wo aago ọrùn ọwọ́ ara rẹ̀.) Oṣù keje rẹ̀ láàárín wa nìyí. Inú ìwé ló ti kọ́ èdè wa, ó sì ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń rìn lórí ẹyin.

Ó ṣí ìwé iṣẹ́ táǹkì kẹrin. Ohun tí Nibaldo kọ síbẹ̀ kò ju ìlà kan lọ: "Ásíìdì ti wọlé. Mo lọ ónsè." Kò kọ aago sí i. Ta ló ń kọ aago?

Ónsè, mọ́kànlá ni lédè wa. Ọmọ ọdún mẹ́ta mọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n ónsè náà là ń pe tíì àti búrẹ́dì aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, kò sì sẹ́ni tó mọ ìdí. Màmá ní àwọn ọ̀mùtí ayé àtijọ́ ló dá a sílẹ̀: orúkọ ọtí wọn ní lẹ́tà mọ́kànlá, wọ́n wá ń fi nọ́ńbà pè é kí àwọn ìyàwó má baà fura. Aago kò ní Màmá. Ó ka mọ́kànlá. Ó ní Nibaldo tú ásíìdì sílẹ̀ láàárọ̀, ó sì fi táǹkì sílẹ̀ láti aago mọ́kànlá títí di aago márùn-ún kọjá ogún ìṣẹ́jú.

Nínú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sẹ́rìn-ín. Florindo àgbà, òṣìṣẹ́ bíi Nibaldo, ní, "Wákàtí mẹ́fà tó ń jẹ búrẹ́dì! Ṣé búrẹ́dì nìyẹn àbí táyà ọkọ̀?" Ẹnì kan ní ẹ bá wọn wo eyín Nibaldo bóyá ó ṣì kù. Ìgbà tí wọ́n lẹ ìwé mọ́ ara ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ni ẹ̀rín dá. Nibaldo kò gbọ́dọ̀ wọ ibi iṣẹ́ mọ́. Wọn yóò gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ ní ogúnjọ́ oṣù.

Ọjọ́ Àìkú, 11 Ẹrẹ́nà

Ọkọ̀ olómi dé lánàá. Ó pẹ́ ọjọ́ mẹ́ta fún Lalo.

Lẹ́yìn ìsìn, Herminda, ìyàwó Nibaldo, wá. Bí wọ́n bá dá ọkọ rẹ̀ lẹ́bi: iṣẹ́ lọ, ilé lọ lópin oṣù, wọn yóò sì fà á lé adájọ́ lọ́wọ́ nítorí ẹsẹ̀ Lalo. Ọmọ mẹ́rin ni wọ́n ní. Ó ní Nibaldo jókòó sẹ́yìnkùlé látìgbà náà, kò sọ̀rọ̀, ó ń rán bàtà tí kò ya.

"Ìyá ìsàmì, ẹ̀yin lẹ mọ̀wé. Ẹ bá mi sọ fún òyìnbó yẹn ohun tí ónsè jẹ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni. Ṣé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni yóò lé ọmọ mẹ́rin síta?"

Mo ní màá sọ. Mo gbé tíì fún un. Ó wo inú ife náà pẹ́, ó rọra tì í padà sọ́dọ̀ mi.

Ọjọ́ Ajé, 12 Ẹrẹ́nà

Mo lọ bá Aago. Mo rò pé yóò le. Kò le rárá. Ó gbọ́ mi dópin, ó fa ìwé pélébé kan yọ, ó kọ ónsè síbẹ̀, ó kọ ìtumọ̀ méjèèjì. Ó tilẹ̀ tọrọ àforíjì. Ó ní ọ̀rọ̀ wa máa ń dẹkùn fún àlejò.

Lẹ́yìn náà ó yí ìwé mìíràn sọ́dọ̀ mi. Ìwé mi. Ọwọ́ mi. Ọjọ́rú, 7: mẹ́wàá.

Ó ní, "Sẹ̀ńyọ̀rítà Ercilia, mo gbà pé ó lọ mu tíì. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìṣírò mi. Bí ásíìdì bá jẹ́ mẹ́wàá, kó tó tú atẹ́gùn tó lè gbé ìfofó dé ẹnu táǹkì, wákàtí mẹ́fà ni. Ogún ìṣẹ́jú kọ́. Ìbáà jẹ́ mọ́kànlá, ìbáà jẹ́ tíì, ọkùnrin yẹn fi táǹkì sílẹ̀ fún wákàtí mẹ́fà. Òkúta kì í sọ èdè yín, kì í sì í sọ tèmi."

Ó wo ọwọ́ rẹ̀. Ó wá bi mí — kì í ṣe pẹ̀lú ìfura, bí ènìyàn ṣe ń béèrè bóyá òjò ń rọ̀ ni — "Àbí nọ́ńbà yín kì í ṣe òótọ́?"

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 13 Ẹrẹ́nà

Mo ní òótọ́ ni.

Ọjọ́rú, 14 Ẹrẹ́nà

Mo ti ilẹ̀kùn yàrá ìdánwò nígbà oúnjẹ ọ̀sán. Mo fọ́ òkúta táǹkì kẹrin sí wẹ́wẹ́, mo sẹ́ ẹ kó dọ́gba, mo wọ̀n ọ́n. Mo po ásíìdì lónírúurú, mo fi aago ọwọ́ Bàbá tó ti kú ṣọ́ ọ.

Ní mẹ́wàá: ásíìdì jẹ ẹfun inú òkúta tán ní ìṣẹ́jú méjìdínlógún.
Ní ogún: ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án.
Ní márùn-ún: mo jẹ búrẹ́dì mi tán, ó ṣì ń hó wúyẹ́wúyẹ́.

Ó tọ́ bí ìlà. Bí a bá sọ agbára rẹ̀ di ìlọ́po méjì, àkókò á pín sí méjì. Mo ti mọ èyí láti ilé ẹ̀kọ́. Mímọ̀ yẹn kò sọ ohun kan fún mi ní ọjọ́ kẹfà oṣù, nígbà tí Nibaldo dúró níwájú mi.

Gbọ̀ngàn ijó alẹ́ Àbámẹ́ta ni mo fi ń rò ó. Ogún ènìyàn nínú rẹ̀, wọ́n á jó títí, wọn ò ní tẹ ara wọn lẹ́sẹ̀. Wàyí o, má mú ẹnikẹ́ni wọlé kún wọn — sún ògiri nìkan. Sún un wọlé láti ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ènìyàn kò lé, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ títẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ìjà bẹ̀rẹ̀. Omi ni ògiri yẹn. Àgbá kan náà ni wọ́n tú, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ń sọ fún ara mi. Ásíìdì mẹ́wàá nínú omi àádọ́rùn-ún, mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ni. Ásíìdì mẹ́wàá nínú omi ọgbọ̀n — mẹ́wàá nínú ogójì ni. Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún ni! Ásíìdì kò lé sí i. Omi ló dín.

Ṣùgbọ́n ibi tí mo há sí rèé. Bí mẹ́wàá bá gba wákàtí mẹ́fà, mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n á gba wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógún. Ìyẹn kì í ṣe ogún ìṣẹ́jú. Bí mo bá jẹ́wọ́, mo ba ara mi jẹ́, mi ò sì gba Nibaldo là.

Ṣé Nibaldo parọ́ ni? Ẹ̀rù bà mí bí inú mi ṣe fẹ́ dùn sí èrò yẹn.

Ọjọ́bọ̀, 15 Ẹrẹ́nà

Kò parọ́.

Ohun tí mo ń wọ̀n lánàá, ìgbà tí ásíìdì jẹ òkúta tán ni. Kì í ṣe òkúta ló gba ẹnu táǹkì jáde. Ìfofó ni. Lónìí mo mú gíláàsì gíga méjì, mo kó òkúta tí n kò fọ́ sínú wọn bákan náà, mo kàn jókòó, mo ń wò.

Ní mẹ́wàá, ìfofó gòkè níwọ̀n ìka méjì, ó dúró. Ó dúró síbẹ̀ fún wákàtí kan. Ó dúró síbẹ̀ títí mo fi lọ fún Màmá lóúnjẹ tí mo sì padà dé. Mo sún ojú mọ́ ọn: kì í ṣe pé ó dúró. Àwọn kan ń bí nísàlẹ̀, àwọn kan ń bẹ́ lókè, ìbí àti ikú ṣe rẹ́gí. Ìlú kékeré tí kì í dàgbà. Nígbà tí ó rẹ òkúta, gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀.

Ní mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ìbí yá ju ikú lọ. Kò sí àyè láti bẹ́. Èyí tó wà nísàlẹ̀ ń ti èyí tó wà lókè. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án, ó ti wà lórí tábìlì.

Aago ka ìbí, kò ka ikú. Ìyẹn ni àṣìṣe ìṣírò rẹ̀. Èyí tó burú ju ìyẹn lọ ni èyí: pẹ̀lú nọ́ńbà tí mo kọ, táǹkì kẹrin kò lè kún àkúnwọ́sílẹ̀ láéláé — àní kí Nibaldo lọ mu tíì, kó kú síbẹ̀, ká sin ín, ká ṣe ìrántí ọdún rẹ̀. Nọ́ńbà mi fúnra rẹ̀ ló ń pariwo pé irọ́ ni òun. Ẹni tó bá fi gíláàsì méjì sórí tábìlì yóò gbọ́ ọ. Títí di àkókò yìí, èmi nìkan ló ti gbọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 16 Ẹrẹ́nà

Ìgò ọjọ́ keje wà lórí pẹpẹ, láàárín ti ọjọ́ kẹfà àti ti ọjọ́ kẹjọ. Ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún la ń pa wọ́n mọ́, lẹ́yìn náà a ó fọ̀ wọ́n. Bí n kò bá ṣe ohunkóhun, iṣẹ́ mi náà ni pé kí n fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kejìlélógún. Kò sẹ́ni tí yóò pè é ní ẹ̀ṣẹ̀. Ìmọ́tótó ni.

Mo bu ìwọ̀nba díẹ̀, mo wọ̀n ọ́n. Mẹ́rìnlélógún àti ààbọ̀.

Mo gbé ìyókù dání lókè ihò omi ìdọ̀tí. Kò ṣòro rárá láti gbé e dání níbẹ̀. Mo dá a padà sórí pẹpẹ. Mi ò mọ̀ bóyá ìwà rere ni àbí ìwà ojo.

Ọjọ́ Àìkú, 18 Ẹrẹ́nà

Mo sọ fún Màmá. Gbogbo rẹ̀. Ó ń hun ìbọ̀sẹ̀, kò dá ọwọ́ dúró.

Ó ní, "Lalo ńkọ́?"

Mo ní wọ́n gé ẹsẹ̀ náà lánàá, nísàlẹ̀ orúnkún.

Ó hun ìlà kan tán. Ó ní, "Bí wọ́n bá lé wa, níbo la ń lọ?" Mo ní mi ò mọ̀. Ó ní, "Oògùn mi ńkọ́?" Mo ní mi ò mọ̀. Mo wá fẹ́ bi í ní ohun tó yẹ kí n ṣe, ó sì na abẹ́rẹ́ ìhunṣọ sí mi bí ìgbà tí mo wà lọ́mọdé.

"Má bi mí. Bó o bá bi mí, màá ní kó o dákẹ́. O ó sì dákẹ́, nítorí pé o fẹ́ràn mi, àwa méjèèjì á wá kórìíra ara wa nínú yàrá kan ṣoṣo yìí. Nítorí náà, ọmọ mi, má bi mí."

Ọjọ́ Ajé, 19 Ẹrẹ́nà

Mi ò bi í.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 20 Ẹrẹ́nà

Inú ilé ìwé ni wọ́n ti gbọ́ ẹjọ́. Don Aníbal, alámòójútó ibùdó, jókòó sídìí tábìlì olùkọ́, Aago lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ká orúnkún sórí ìjókòó àwọn ọmọdé. Aago ka ìṣírò rẹ̀ dáadáa. Kódà mo rí àwọn kan tí wọ́n ń mi orí.

Don Aníbal bi Nibaldo bóyá ó ní ohun tó fẹ́ sọ. Nibaldo dìde. Ó ní, "Mo lọ mu tíì, Don Aníbal. Ẹ̀rí kan ṣoṣo tí mo ní, Lalo lẹ́sẹ̀ ni a dà á sí."

Mo gbé ìgò náà sórí tábìlì. Mo ti múra ọ̀rọ̀ gígùn sílẹ̀, nípa omi, nípa gíláàsì tí kò ṣeé fọ̀. Ohun tó jáde ni: "Mi ò wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ yẹn. Mo kàn kọ mẹ́wàá."

Herminda wò mí. Mi ò lè kọ bó ṣe wò mí.

Mo ṣe gíláàsì méjèèjì níwájú wọn. Ti mẹ́wàá gòkè ní ìka méjì, ó dúró. Èkejì ń gòkè, ń gòkè. Àwọn tó wà lẹ́yìn dìde kí wọ́n lè rí i. Ó dé ẹnu, ó rọra wú yọ síta, ó sì ṣàn lọ sídìí ìwé Don Aníbal. Don Aníbal gbé ìwé rẹ̀ sókè bí obìnrin tó ń ká yẹ̀rì nínú ẹrẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí Aago kò wo ọwọ́ rẹ̀. Gíláàsì ló ń wò.

Ó ní, "Ta ló fi ásíìdì kún un?"

Florindo dáhùn látẹ̀yìn. "Kò sẹ́ni tó fi nǹkan kan kún un, Misita. Àgbá kan náà ni. Ẹ̀yin lẹ ní ká dín omi kù sí ìdá kan nínú mẹ́ta."

"Gbogbo rẹ̀ ni mo ní lọ́kàn! Omi àti ásíìdì! Èèyàn á ti mọ̀ pé—"

"Omi lẹ pè, Misita. Omi la gbọ́."

Ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ ló wà lójú rẹ̀. Mo gbà á gbọ́. Ó wù mí kí n má gbà á gbọ́, ó ì bá rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó fi èrò inú rẹ̀ sínú ọ̀rọ̀ kan, àwọn òṣìṣẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà nìkan, èmi tó yẹ kí n wà láàárín láti wọ̀n ọ́n, mo ń ṣe àdàkọ àná.

Don Aníbal bi mí ohun tó dé tí mo fi dúró fún ọjọ́ mẹ́tàlá. Mo ní, "Ilé ni, Don Aníbal." Ó mi orí, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Bóyá òun náà ń gbé nínú ilé Onílé.

Ọjọ́ Ẹtì, 23 Ẹrẹ́nà

Lẹ́tà ti dé. Nibaldo padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé. Èmi, kí n kó ẹrù mi kó tó di ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n. Lẹ́tà náà kò dárúkọ omi rárá.

Herminda wá lọ́sàn-án. Ó bú mi. "Ọjọ́ mẹ́tàlá! Mo jókòó síbí, ẹ gbé tíì fún mi, ẹ sì mọ̀! Ọkọ mi ò sùn, ẹ sì mọ̀!" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. "Ìyá ìsàmì wo nìyẹn? Ejò ìsàmì!" Gbogbo ìgbà tó ń bú mi, ó ń fi ìwé ìròyìn àtijọ́ di àwo Màmá, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n má baà fọ́. Ó ní àbúrò òun obìnrin tó wà létíkun ní yàrá kan. Ó tún bú mi kó tó lọ.

Nibaldo kò wá.

Ọjọ́ Àìkú, 25 Ẹrẹ́nà

Mo lọ sí ilé ìwòsàn. Ó yẹ kí n ti lọ ṣáájú ohun gbogbo. Mo lọ gbẹ̀yìn.

Lalo fẹ̀yìn lélẹ̀ nídìí fèrèsé. Ó tinrín ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Wọ́n ti sọ fún un ohun tí mo sọ níbi ìgbẹ́jọ́, mo rí i lójú rẹ̀, síbẹ̀ ó jẹ́ kí n tún un sọ látìbẹ̀rẹ̀. Mi ò fo nǹkan kan. Kò bínú, tàbí kó jẹ́ pé ó ti rẹ ìbínú rẹ̀.

Ó ní, "Sẹ̀ńyọ̀rítà Ercilia, mo ní ìbéèrè kan. Mo ti ń bi ògiri léèrè. Ká ní ẹ wọ̀n ọ́n. Ká ní ẹ kọ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n síbẹ̀. Ṣé wọ́n á ti dá iṣẹ́ dúró?"

Ìdáhùn tó dùn wà lẹ́nu mi: bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n á ti dá a dúró. Ìyẹn á ti sọ mí di ọ̀daràn pátápátá, ó sì rọrùn láti jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ronú nípa ọkọ̀ olómi tí kò dé, nípa Aago àti ọrùn ọwọ́ rẹ̀, nípa Don Aníbal àti iye bàbà tó gbọ́dọ̀ jáde lóṣù.

Mo ní, "Rárá, Lalo. Mi ò rò pé wọ́n á ti dá a dúró."

Ó ń dúró de ìyókù.

Mo ní, "Ṣùgbọ́n nọ́ńbà mi ni wọ́n máa ń kọ sára pátákó ẹnu kòtò. Ẹ ò bá ti kà á kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀."

Ó yí ojú sí fèrèsé. Mo gbọ́ tí wọ́n ń ti kẹ̀kẹ́ oúnjẹ bọ̀ ní ọ̀ọ̀dẹ̀. Lẹ́yìn náà, láì wò mí, ó ní àtẹ́lẹsẹ̀ òsì òun ń yún òun, ó ti ń yún òun láti òwúrọ̀, ọwọ́ òun ò sì tó o. Ó nawọ́ sí ibi tó wà lórí aṣọ ibùsùn. Aṣọ náà tẹ́ pẹrẹsẹ níbẹ̀.

Mo tẹ̀ síwájú, mo sì ń họ ọ́ fún un níbi tó nawọ́ sí, títí ó fi ní ó ti tó.